Páálí, Aṣọ Funfun àti Iwájú Orí Ìyá Àgbà

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ta síwájú ilé kan ní Ifangni, ìlú tí àwa ń pè ní Ìfọ̀nyìn. Ìnáwó òkú àgbà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n gbé ìyá àgbà kan jókòó sáàárín àwọn ọmọ rẹ̀, aṣọ òkè lára rẹ̀, iyùn lọ́rùn rẹ̀. Mo gbé kámẹ́rà sójú, mo kọ fíláàṣì sí i gbọọrọ, ó sì kọ mànà. Lọ́jọ́ kẹta tí mo mú fọ́tò náà lọ fún un, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún fà á súnmọ́ra, ó ní:

"Ọmọ mi, ta lo yà síbí yìí?"

Mo ní: "Ìyá, ẹ̀yin mà ni."

Ó ní: "Èmi kọ́. Ẹni tí tọ́ọ̀ṣì ọdẹ ká mọ́ oko olóko nìyí."

Òdodo ọ̀rọ̀ ló sọ. Iwájú orí rẹ̀ funfun báláú bíi páànù tuntun lójú oòrùn, imú rẹ̀ ń kọ yẹ̀rì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n fi irin lọ̀ wọ́n. Òjìji dúdú kan lẹ̀ típẹ́ mọ́ ògiri lẹ́yìn etí rẹ̀. Ìlà ojú rẹ̀, tó yẹ kó jẹ́ ohun tí ojú máa kọ́kọ́ rí, ti wọlé sínú funfun yẹn, kò jáde mọ́.

Mo darí sílé, inú ń bí mi sí fíláàṣì mi. Mo rò pé torí pé ó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú ló fi ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye oṣù tí màá fi kówó jọ kí n tó lè ra irú èyí tí àwọn ayàwòrán Kútọnù ń gbé kiri, tó ní àpótí aṣọ funfun gbàǹgbà lórí. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé fíláàṣì mi kò jẹ̀bi rárá, àti pé nínú gbogbo ẹrù tí ojú mi ń wọ̀ lára àwọn ayàwòrán wọ̀nyẹn, aṣọ funfun yẹn nìkan ni mo ṣe aláìní.

Ohun tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀ ni bí ojú ibi tó ti ń jáde ṣe fẹ̀ tó lójú ẹni tí a ń yà. Ojú fíláàṣì orí kámẹ́rà kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 sí 4 lọ. Àtẹ́lẹwọ́ á bò ó mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba irú ihò kékeré bẹ́ẹ̀ jáde kò mọ bí a ṣe ń yí imú ká. Ibi tó bá bà, á funfun. Ibi tí kò bà, á ṣú dùdù. Kò sí ohun tó wà láàárín méjèèjì. Ẹ wo oòrùn fúnra rẹ̀. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mílíọ̀nù 1.4, ó sì tún jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù 150, ìdí nìyẹn tí àtàǹpàkò kan ṣoṣo fi lè bò ó lójú wa. Bó ṣe tóbi tó nì, bí atupa kékeré ló ṣe rí látìhín, ìyẹn ló jẹ́ kí òjìji ọ̀sán gangan máa mú bí abẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé. Eruku funfun á gba ojú ọ̀run, oòrùn á fọ́n ká sínú rẹ̀, gbogbo sánmà á wá di fìtílà kan ṣoṣo. Òjìji á ṣá. Ojú àwọn èèyàn á rọ̀, àwọ̀ wọn á jinlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ya àgbàlagbà láìná kọ́bọ̀, ẹ gbé àga rẹ̀ síta ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ nínú oṣù Ṣẹẹrẹ. Iṣẹ́ tó kù fún ẹni tó ń fi fíláàṣì ṣiṣẹ́ lóru kò ju kó wá ọyẹ́ tirẹ̀ dá sílẹ̀.

Àwọn baba wa nínú iṣẹ́ yìí kò tilẹ̀ rí bátìrì lò. Lẹ́yìn tí àwọn ará Jámánì méjì, Adolf Miethe àti Johannes Gaedicke, po ẹ̀tù ìmọ́lẹ̀ ní 1887, iná gidi ni àwọn ayàwòrán ń dá, tòun tèéfín. Gílóòbù ìlò-ẹ̀ẹ̀kan ló tẹ̀ lé e, kí iṣẹ́ tí Harold Edgerton bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní 1931 tó gbé irú èyí tí a ń lò lónìí dé. Ó ti di ohun tí èèyàn lè rà lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó rí, kó sì fi alùpùpù zémidjan gbé e relé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mo fẹ́ mẹ́nu ba àwọ̀ ara wa díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìwé tó ń kọ́ni ní fíláàṣì kò kọ ọ́ fún wa. Àwọ̀ dúdú ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ bí igi tí wọ́n ha dáadáa tí wọ́n sì fi òróró pa ṣe ń ṣe. Èyí tó pọ̀ nínú ohun tí kámẹ́rà ń rí lára rẹ̀ ni dídán tó wà lókè. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, dídán yẹn á ṣù jọ sójú kan, á di àmì funfun bíńtín lórí egungun iwájú orí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fẹ̀, dídán náà á fẹ̀, á máa tẹ̀ lé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ títí dé àgbọ̀n, ojú á sì ní òkè, á ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí ère gbígbẹ́, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1973 lórí ohun tí àwọn èèyàn wa fi ń dá ère lẹ́jọ́. Dídán wà níbẹ̀, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíjọra àti ìfarahàn. Ìyá àgbà kò ka Thompson, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n jọ ń sọ: kí ojú máa dán, kó má kọ mànà.

Àwọn òyìnbó tó ṣe fíìmù aláwọ̀ mèremère sì tún pa kún wàhálà wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ni ilé iṣẹ́ Kodak ń kó fún àwọn ilé ìfọ-fọ́tò kí wọ́n fi tún àwọ̀ ṣe, àwọn tó wà nínú iṣẹ́ náà ń pè é ní Shirley. Bí àwọ̀ Shirley bá ti pé, iṣẹ́ ti pé. Kí aláwọ̀ dúdú máa wá ojú ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi wà lára àwọn tí ẹjọ́ wọn mú kí ilé iṣẹ́ náà tún fíìmù rẹ̀ ṣe, torí pé ọjà wọn kò hàn dáadáa. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbàkígbà tí mo bá rántí èyí. Àga ló bá wa bẹ̀bẹ̀.

Ó yá, ká bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni pé kí a yí orí fíláàṣì sókè, kí ìmọ́lẹ̀ lọ ta lu àjà, kó wá ti ibẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Ó dára lóòótọ́, torí pé gbogbo àjà yẹn á di ojú ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé kò mọ ilé tiwa. Páànù ni ó wà lókè nínú ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn níbí, ó ga, ó sì ṣe wọ́gọwọ̀gọ, ṣe ni yóò fọ́n ìmọ́lẹ̀ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Abẹ́ àtíbàbà kò sì yàtọ̀. Bí aṣọ àtíbàbà bá jẹ́ búlúù, àlejò á di búlúù. Bó bá jẹ́ pupa, ẹnu iyàwó á dà bí ẹni tó jẹ epo. Ògiri pẹ̀lú, bí a bá fẹ́ ta ìmọ́lẹ̀ lù ú, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀dà ara rẹ̀. Mo ti ya ọmọ ìkómọjáde kan tí ara rẹ̀ dà bí ewé nítorí ògiri yàrá ìyá rẹ̀.

Ilẹ̀ pàápàá ń dá sí i. Gbogbo ìgberíko Plateau yìí, láti Ifangni lọ dé Ṣakété àti Pọ́bẹ̀, ilẹ̀ pupa ló pọ̀ níbẹ̀. Lójú ọ̀sán, ó máa ń ju àwọ̀ pupa sábẹ́ àgbọ̀n àti sínú ihò imú ẹni tó bá dúró lórí rẹ̀. Ẹní kan tàbí aṣọ funfun kan tí a tẹ́ sẹ́sẹ̀ ẹni náà ti tó láti lé e lọ.

Bí ògiri funfun bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yí fíláàṣì sí i, ẹ má yí i sókè. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wá ń fi ìlà ojú hàn. Èyí tó bá ti òkè wá ń sọ ihò ojú di kòtò. Bí kò bá sí ògiri, ẹ pe ọmọ kan kó na aṣọ funfun ní ọwọ́ méjèèjì. Aṣọ ìtẹ́lẹ̀ lásán ni, kí ó sáà ti má ní òdòdó lára.

Lẹ́yìn náà ni páálí. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Mo wá páálí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ìdajì mítà. Páálí bisikíìtì tàbí ti ọṣẹ wà lẹ́yìn gbogbo ìsọ̀ ní Ìgòlò, ọ̀fẹ́ ni. Mo lẹ bébà fàdákà tí àwọn alásè fi ń di ẹja mọ́ inú rẹ̀ yíká. Mo gé ihò sí ìdí rẹ̀, tí orí fíláàṣì lè wọ̀ ṣinṣin. Mo ta aṣọ funfun fífẹ́lẹ́ bo ẹnu rẹ̀, mo tún ta òmíràn tó kéré sínú, ní agbedeméjì, kí ìmọ́lẹ̀ má baà ṣù sí àárín. Sẹ́lótéèpù, abẹ́rẹ́, sùúrù. Gbogbo ohun tí mo ná kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kan.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Bí páálí olójú ìdajì mítà bá jìnnà ní mítà mẹ́rin, ó ti tún di ohun kékeré nìyẹn, òjìji rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú padà. Bíi mítà kan péré sí ojú ni kó wà, ní ẹ̀gbẹ́, kó ga ju orí lọ díẹ̀, kó sì tẹ̀ wálẹ̀. Ó lè wọ inú fọ́tò bí ẹ kò bá ṣọ́ra, ẹ sún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kúrò lójú kámẹ́rà, kí ẹ dá a dúró níbẹ̀. Ní òdìkejì, ẹ gbé fọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n tàbí fíríìjì sínú páálí rẹ̀. Á dá díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà padà sí ẹ̀gbẹ́ ojú tó ṣókùnkùn.

Aṣọ ń jẹ ìmọ́lẹ̀, ó lè jẹ ìdajì, ó lè jẹ ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin. Nítorí náà mo máa ń gbé ISO lọ sí 400 tàbí 800, mo sì ń lo f/5.6. Kí ìyára kámẹ́rà má kọjá 1/200, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà dúdú á bo apá kan fọ́tò. Bí mo bá fẹ́ kí gílóòbù tí wọ́n so kọ́ sábẹ́ àtíbàbà hàn lẹ́yìn, mo ń sọ ìyára kalẹ̀ dé 1/60 tàbí 1/30. Fíláàṣì kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, ṣùgbọ́n gílóòbù á ráyè wọlé. Gílóòbù pupa wọ̀nyẹn kì í bá fíláàṣì rẹ́ ní àwọ̀; ọ̀ra aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi ń wé suwíìtì, bí a bá fi bo ojú fíláàṣì, á parí ìjà wọn.

Kí fíláàṣì tó lè kúrò lórí kámẹ́rà, ó nílò ẹ̀rọ kékeré méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà bíi Godox àti Yongnuo ti jẹ́ kí ìyẹn di ohun tí ọwọ́ tálákà lè tó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnu ibodè ní oṣù Ògún 2019, tí wọn kò sì ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà títí di 2022, ohun tí à ń sọdá lọ rà ní wákàtí kan di ohun tí à ń fi oṣù mélòó kan wá. Ìgbà yẹn ni mo kọ́ bí a ṣe ń fi wáyà gígùn so fíláàṣì mọ́ kámẹ́rà. Ọmọdé fẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta ní ìgbéyàwó kan ṣoṣo.

Ẹ ṣọ́ra fún fíláàṣì àgbà tó ń ti Kútọnù wọlé nínú ẹrù àlòkù. Irú Vivitar 283 ti ìgbà pípẹ́, òmíràn nínú wọn ń rán iná tó ju fólítì 200 lọ sí ẹsẹ̀ tó fi dúró lórí kámẹ́rà. Kámẹ́rà ìgbà yẹn kò kà á sí. Ti òde òní lè kú síbẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́ pẹ̀lú, ẹ má tú u fúnra yín. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́jú iná sínú bí a tilẹ̀ yọ bátìrì, ó sì lè gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀. Ohun kejì: LED tàbí fíláàṣì nìkan ni kó wọ inú páálí. Gílóòbù tó ń gbóná á dáná sun ún, tòun taṣọ.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ẹ̀tàn aláìní ni gbogbo èyí, kó lọ wo iṣẹ́ Seydou Keïta ti Bamako. Ọ̀pọ̀ fọ́tò rẹ̀, nínú àgbàlá ló ti yà wọ́n, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló lò. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀yìn fọ́tò. Ní gbogbo ọdún méjì mẹ́ta ló ń pààrọ̀ rẹ̀, èyí ló tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣèwádìí mọ ọdún tó ya ìkọ̀ọ̀kan. Nítòsí wa níbí, ní Àjàṣẹ́, Joseph Moïse Agbodjelou, tó wà láyé láti 1912 sí 2000, ya ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ rẹ̀ Léonce Raphael sì gbé iṣẹ́ ọ̀hún dé àwọn ilé àfihàn òyìnbó. Aṣọ ọjà aláràbarà ni Léonce ń ta sẹ́yìn àwọn ará Àjàṣẹ́, kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ìyá wa ń rà.

Màá sì jẹ̀bi bí mo bá ń bú fíláàṣì gbọọrọ bí ẹni pé kò wúlò rárá. Malick Sidibé fi irú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tó mú un gba Kìnnìún Oníwúrà ní Venice ní 2007. Àwọn ọ̀dọ́ Bamako tó ń jó, tí òógùn bò wọ́n, ìmọ́lẹ̀ líle yẹn bá ijó wọn mu. Kò bá ìyá àgbà mu ni.

Fọ́tò Sidibé tún kọ́ni ní nǹkan kejì. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn tó ń jó: ó ṣú. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ sọ ọ́ di dúdú. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì kì í rìn jìnnà kó má rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá kúrò ní mítà kan dé mítà méjì, ìdámẹ́rin rẹ̀ ló kù; ní mítà mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Èyí ni mo fi ń wọnú ọ̀rọ̀ fọ́tò tí etí rẹ̀ ṣú, tí àárín rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ bí ẹni wo inú yàrá láti ojú fèrèsé, èyí tí gbogbo oníbàárà ìsinsìnyí ń béèrè.

Vignette ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè é. Igi àjàrà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: ẹ̀ka àjàrà kékeré tí wọ́n ń yà sí etí ìwé láyé àtijọ́, tí kò ní férémù, tó kàn ń ṣá wọ inú bébà. Nígbà tí fọ́tò dé, àwọn ayàwòrán gba orúkọ náà fún orí èèyàn tó ń ṣá sínú funfun yíká, irú èyí tí ẹ lè rí nínú férémù àwọn bàbá àgbà. Páálí tí wọ́n gé ihò sí láàárín, tí wọ́n sì fi àlùmọ́gàjí gé etí rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ, ni wọ́n ń mì lókè bébà nínú yàrá òkùnkùn. Lẹ́yìn ìgbà náà ni òkùnkùn gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ funfun.

Àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yorùbá náà mọ bí a ṣe ń fi etí fọ́tò dá ọgbọ́n. Stephen Sprague, tó lọ ṣèwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún, kọ̀wé ní 1978 nípa fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan bá ti kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, àwọn méjèèjì á sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá ni wọ́n, ọmọ kan náà á wọ aṣọ ọkùnrin, á tún wọ aṣọ obìnrin. Níbi tí fọ́tò méjèèjì ti pàdé, ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ á jẹ́ kí ìlà náà pòórá. Iṣẹ́ etí ni ìyẹn náà.

Fún àwa tí owó kò sí lọ́wọ́ wa, ọ̀nà tó dára jù láti mú kí etí ṣú ni láti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe é. Ẹ gbé páálí súnmọ́ ojú gan-an, bíi ìdajì mítà, kí ẹ sì mú ẹni náà kúrò lára ògiri ní mítà méjì. Ìmọ́lẹ̀ tó dé ojú á tó ìlọ́po 25 èyí tó dé ògiri. Ògiri funfun á di eérú, á di dúdú. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sójú kan bí òṣùpá, ẹ kó ọ̀pá ike tí àwọn ọmọdé fi ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò jọ, dúdú ni kó jẹ́. Ẹ gé wọn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tò wọ́n bí afárá oyin, ẹ lẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ fi bo ojú fíláàṣì. Bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni òṣùpá náà ṣe máa kéré tó. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò le o. Fún ọkùnrin tó fẹ́ fi agbára hàn ni mo ń lò ó.

Iwájú lẹ́ńsì náà gba ọgbọ́n. Ìbọ̀sẹ̀ obìnrin dúdú tó fẹ́lẹ́, tí a fi iná sìgá jó ihò sí láàárín, tí a sì nà sí iwájú lẹ́ńsì, á mú kí àárín mọ́ gaara, kí etí rí bí ẹni wo àlá. Vaseline náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú gíláàsì àfibò àtijọ́ ni kí ẹ fi pa, kí àárín rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fi pa lẹ́ńsì, kó má wá mi wá. Ìbọ̀sẹ̀ tàbí páálí oníhò, ẹ ṣí ojú lẹ́ńsì sílẹ̀ gbàǹgbà, sí f/2.8 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá pa á dé f/16, etí ihò á hàn ketekete, fọ́tò á dà bí èyí tí èèyàn yà látinú kànga. Lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú tí ojú rẹ̀ ṣí tóbi tilẹ̀ ti ń ṣú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ilé wá. Àbùkù ni àwọn tó ṣe é ń pè é, wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe. Ẹ sọ fún kámẹ́rà pé kó fi sílẹ̀.

Lórí fóònù, Snapseed ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, GIMP sì ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ìka kan péré ni. Ìrọ̀rùn yìí ló sì ba iṣẹ́ náà jẹ́, torí ọ̀pọ̀ fọ́tò ìgbéyàwó ìsinsìnyí ló dà bí ẹni pé wọ́n jó etí wọn nínú iná.

Ọ̀rọ̀ tiwa sì tún yàtọ̀. Sprague kan náà ṣàkíyèsí pé bí a bá ní kí àgbàlagbà Yorùbá ya fọ́tò gidi, ṣe ni yóò jókòó kọjú síwájú, aṣọ ńlá tẹ́ yíká, ọwọ́ lórí eékún, gbogbo ara láti orí dé ẹsẹ̀ wà nínú fọ́tò. Ìfarahàn ni. Òkùnkùn etí sì jẹ́ olè tó ń kọ́kọ́ jí ẹsẹ̀, kó tó jí ṣóńṣó gèlè. Bí aṣọ ẹbí bá jẹ́ búlúù dúdú, èèyàn mẹ́fà á di orí mẹ́fà tó ń léfòó. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ pé kí wọ́n ka bàtà kí wọ́n tó tẹ fọ́tò jáde.

Mo ní láti fi èyí kún un nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn ń yá. Ohun tí mo kọ yìí, fún ìnáwó àti ilé ni. Lóru Ẹ̀fẹ̀, tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá fẹ́ jáde, ẹ lọ bá àwọn tó ni í kí ẹ tó tan ohunkóhun, ìwé tí UNESCO fi kọ orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ kò fún fíláàṣì yín ní àṣẹ. Ti Orò, ẹ fi kámẹ́rà sílé.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà yẹn lẹ́yìn oṣù bíi mẹ́rin, èmi àti páálí mi. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni mo yà á sí. Mo gbé páálí súnmọ́ ọn, mo jẹ́ kí ẹ̀yìn ṣú, mo sì tún fi fóònù ṣú etí rẹ̀ díẹ̀ sí i, kó lè dára. Ó gba fọ́tò náà, ó fi ìka tọ ojú ara rẹ̀ lórí bébà, ó ń ka ìlà ojú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ fún un. Inú mi ti ń dùn. Ó wá gbójú sókè.

"Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

Mo wolẹ̀. Òkùnkùn ti gbé e mì láti orókùn.

Mo ní: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un yà." Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù funfun sílẹ̀ níwájú àga, mo sún páálí sẹ́yìn díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè dé ìsàlẹ̀. Mo ti gbé kámẹ́rà sójú kó tó ní kí n dúró ná. Ó rọra dìde, ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó máa jáde, ó ti bọ́ sálúbàtà rẹ̀ dànù, bàtà aláwọ pupa ló wọ̀, ti ọdún Iléyá.